Ẹ tẹ̀lé aago, ẹ má tẹ̀lé ebi: bí a ṣe ń jẹun lójú títì ní Penang

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé George Town ní Penang, ní ilẹ̀ Màléṣíà, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo jáde lọ wá char kway teow, okùn ìrẹsì pẹlẹbẹ díndín tó jọ Indomie. Mo rí ìsọ̀ tí wọ́n júwe fún mi, ṣùgbọ́n tapólì ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti dojú àga dé sórí tábìlì. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ rí mi bí mo ṣe dúró bí ẹni tó sọ owó nù. Ó nawọ́ sí oòrùn, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ìtan rẹ̀, ó wá tọ́ka sí ìsọ̀. Kò la ẹnu, ó sì yé mi: kí oòrùn wọ̀ ná. Ebi ò jẹ́ kí n lè dúró. Mo bá wọ ilé oúnjẹ olówó kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo jẹ ìrẹsì tí kò dùn tí kò kan, mo sì san owó tí ǹ bá fi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójú títì.

Ohun tí ìyá yẹn fi ọwọ́ sọ ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Olóúnjẹ ojú títì ní Penang kì í sè ju nǹkan kan lọ, bó bá sì pọ̀, méjì. Ó ní wákàtí tó ń gbé e síta àti wákàtí tó ń kó o wọlé. Ẹni tó bá ń wá laksa, ọbẹ̀ ẹja ìrọ̀lẹ́, nígbà tí roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ òwúrọ̀, ló yẹ kó jẹ, yóò máa rìn kiri títí bàtà rẹ̀ á fi jẹ.

Penang jẹ́ erékùṣù ní ìwọ̀ oòrùn àríwá Màléṣíà, George Town sì ni olú ìlú rẹ̀. Ní 2008 ni UNESCO fi àárín ìlú náà sínú ogún àgbáyé, pa pọ̀ mọ́ ìlú Melaka. Àwọn Ṣáínà tó ń sọ Hokkien, àwọn Malay, àti àwọn Tamil tí baba ńlá wọn wá láti Íńdíà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìkòkò wọn sì ti wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ṣòro láti mọ ẹni tó kọ́ ẹnì kejì ní ọbẹ̀ sísè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bí ẹ ṣe máa wọ̀lú

Láti Kuala Lumpur, ọkọ̀ ojú irin ETS á gbé yín dé Butterworth ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Butterworth ò tíì dé orí erékùṣù o. Afárá wà, ti àkọ́kọ́ láti 1985, ìkejì láti 2014, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò pẹ́ rárá, atẹ́gùn òkun á sì ti ta aárẹ̀ ìrìn àjò dànù kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wá ibùsùn sí agbègbè Lebuh Chulia tàbí Lebuh Armenian, kí ẹ lè máa fẹsẹ̀ rìn. Bọ́ọ̀sì CAT tó ń yí àárín ìlú po, ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ọ̀sì Rapid Penang lẹ máa wọ̀ bó bá jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ di owó yín jọ pé, awakọ̀ kì í fúnni ní ṣéńjì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá. Ojú wa tó ti mọ́ra wíwo òsì lè ṣekú pani níbẹ̀, ọ̀kadà ibẹ̀ kì í sì í fọn fèrè.

Ẹ kó owó kéékèèké dání, ringgit kan, márùn-ún, mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń gba owó orí fóònù lóde òní, àmọ́ ẹni tó ní àkáǹtì ní báńkì ibẹ̀ nìyẹn sábà wà fún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti máa ń fakọ yọ. Wọn kì í pe olóúnjẹ lásán níbẹ̀. Obìnrin Malay tó jù yín lọ díẹ̀, "Kak" ni, ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ọkùnrin irú rẹ̀, "Abang". Ẹni tó tó ìyá yín, "Mak Cik"; ẹni tó tó baba yín, "Pak Cik". Àwọn àgbàlagbà Ṣáínà, "Uncle" àti "Auntie" ti tó. Ní ìsọ̀ àwọn Tamil, ẹ pe ọkùnrin ní "Anneh", ẹ̀gbọ́n ni òun náà. Mo ti rí i pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pe "Mak Cik" dáadáa kó tó tọ́ka sí ìkòkò, ẹyin rẹ̀ á tóbi ju ti ẹlòmíràn. Èmi ò lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó já mi kulẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi san owó, ọwọ́ ọ̀tún náà ni kí ẹ fi gba oúnjẹ. Kò sí tuntun nínú ìyẹn fún wa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òwúrọ̀

Kí aago mẹ́jọ tó lù ni kí ẹ ti wà níta. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ roti canai. Ọkùnrin náà á mú ìyẹ̀fun tí wọ́n ti po mọ́ òróró láti alẹ́, á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á sì máa jù ú lu orí irin títí yóò fi fẹ̀ bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹ lè rí ọwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì. Á ká a jọ, á dín in, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pàtẹ́ mọ́ ọn kó lè tú. Ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tàbí ti ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀nba owó ni, ọ̀kan kì í yóni, méjì ni kí ẹ pè.

Bí ẹ bá fẹ́ ìrẹsì, ẹ wá nasi lemak: ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ata díndín, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní ikan bilis, àti ègé ẹyin. Ó rí ṣóńṣó, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ata yẹn kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ládùn díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń jẹ ata rodo kò ní rí ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn òyìnbó níbẹ̀.

Ohun mímu ló ń da àlejò rú jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹ bá pe "teh" lásán, tíì tí wọ́n ti po mọ́ mílíìkì aládùn inú agolo ni wọn á gbé wá, ó dùn dé eyín. "Teh O" kò ní mílíìkì, ṣùgbọ́n ṣúgà wà ńbẹ̀. "Teh O kosong" ni kò ní nǹkan kan nínú, nítorí kosong túmọ̀ sí òfìfo. Ẹ fi "ais" kún un bí ẹ bá fẹ́ ẹ tútù. Bákan náà ni ti kọfí: kopi, kopi O, kopi O kosong. Bí ṣúgà bá ń bà yín lẹ́rù, "kurang manis" ni ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni kí wọ́n dín adùn kù. Teh tarik ni èyí tí wọ́n ń fà: wọ́n á gbé kọ́ọ̀bù kan sókè, èkejì nísàlẹ̀, wọ́n á máa da tíì lọ da á bọ̀ títí yóò fi hó lórí. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbé e lọ, inú láílọ̀ọ̀nù ni wọn á rọ ọ́ sí, wọn á so okùn mọ́ etí rẹ̀, wọn á fi ọ̀pá ìfamu (straw) kan há a lẹ́nu. Ẹni tó bá fi eyín fa omi láílọ̀ọ̀nù mu dàgbà kò ní nílò ẹ̀kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀sán gangan, nasi kandar

Àwọn Mùsùlùmí Tamil ló bẹ̀rẹ̀ èyí. Kandar ni igi tí wọ́n ń gbé lé èjìká, ìrẹsì á wà ní ìpẹ̀kun kan, ọbẹ̀ ní ìkejì, wọ́n á sì máa kiri rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Igi ti kúrò lórí èjìká, orúkọ ò kúrò.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ tò sórí ìlà. Bó bá kàn yín, wọn á bu ìrẹsì sínú àwo, wọn á sì máa wojú yín. Ẹ tọ́ka sí ẹran kan: ayam ni adìyẹ, kambing ni ẹran ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, ikan ni ẹja, sotong ni ẹran òkun ọlọ́wọ́ púpọ̀ tó rọ̀. Ẹ tọ́ka sí ẹ̀fọ́ kan. Bendi ni ilá wa, odidi ni wọ́n ń sè é, kò yọ̀ tó tiwa rárá, ó sì dùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ tìtorí ẹ̀ wá: "kuah campur, banjir". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n po oríṣiríṣi ọbẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó kún àwo bí omíyalé. Wọ́n á bu síbí kan nínú ìkòkò yìí, síbí kan nínú tọ̀hún, márùn-ún, mẹ́fà, títí ìrẹsì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ léfòó. Ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé ni adùn wà.

Ẹ̀kọ́ kan tí owó mi kọ́ mi: edé ńlá àti sotong tó lóyún kò sí lára àwọn tí à ń tọ́ka sí láì béèrè. Mo tọ́ka sí edé kan tó tó ọwọ́ mi, mo jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ akápò, ringgit 38 ni. Ti ẹni tó wà níwájú mi kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn. Ẹni kankan ò rẹ́ mi jẹ, èmi ni mi ò la ẹnu. "Berapa?" ni ọ̀rọ̀ náà, èló ni. Ẹ wí i kí síbí tó kan ìkòkò.

Ọjọ́ Jímọ̀, láàárín aago méjìlá sí méjì ààbọ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àwọn Mùsùlùmí máa ń tì fún ìrun. Ẹ tètè jẹun tàbí kí ẹ dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìrọ̀lẹ́ kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn ń yan

Èyí ni wákàtí tí mo jìyà lé lórí, mo sì ti wá mọ ohun tó wà fún. Laksa ni. Assam laksa ti Penang, ọbẹ̀ ẹja ni, ẹja kembung, ìbátan ẹja Titus tí à ń rà lọ́jà. Wọ́n á sè é títí yóò fi tú, wọn á fi àjàgbọn kan an, wọn á fi òdòdó ewéko kan tí wọ́n ń pè ní bunga kantan tú òórùn rẹ̀ sókè. Wọ́n á wá dà á lé okùn ìrẹsì funfun kíki, wọn á ju kùkúḿbà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, alùbọ́sà, ata àti ewé minti lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á fi síbí kan sílẹ̀, ohun dúdú tó ki bí oyin wà nínú rẹ̀. Hae ko nìyẹn, edé ni wọ́n fi ṣe é. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ bá yín wí. Ẹni tó mọ irú á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìbátan rẹ̀ lòun ń gbóòórùn yìí. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ má fi sílẹ̀: laksa tí kò ní hae ko dà bí ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n gbàgbé irú sí. Agbègbè Air Itam, lábẹ́ òkè tí tẹ́ńpìlì Kek Lok Si wà, ni mo máa ń lọ. Bọ́ọ̀sì 204 dé ibẹ̀.

Cendol ló tẹ̀ lé e. Lebuh Keng Kwee ni, ọ̀nà tóóró kan lára Jalan Penang, ìsọ̀ méjì ló kọjú síra níbẹ̀, oníkálukú sì ní àwọn tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Yìnyín tí wọ́n fá ni, omi àgbọn, ṣúgà ọ̀pẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ki, ẹ̀wà pupa, àti okùn ìyẹ̀fun kéékèèké tí ewé pandan fún láwọ̀. Ẹ̀wà nínú ohun dídùn! Mo bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀wà láti ìgbà náà. Ẹ jẹ ẹ́ lórí ìdúró, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe níbẹ̀.

Kí ẹ tó padà sílé, ẹ ra goreng pisang, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò kí wọ́n tó dín in. Àbúrò dodo ni, ó kàn wọ ẹ̀wù ni. Ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Little India, vadai wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀wà lílọ̀ díndín. Ó le ju àkàrà lọ, ó sì ní èròjà títa sánsán nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe máa rìn láàárín oúnjẹ

Àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó so pọ̀ mọ́ra níwájú wọn, kaki lima ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbà nítorí oòrùn àti òjò. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín: ilẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba láti ilé kan sí èkejì, ọ̀kadà tò sí i, agolo tùràrí sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ oṣù keje àwọn Ṣáínà, tó sábà máa ń bọ́ sí August, ẹ ó rí oúnjẹ àti àbẹ́là lẹ́bàá títì, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún àwọn òkú tí ebi ń pa. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣeré lálẹ́ níta, ẹ má jókòó sórí ìlà àga iwájú bó tilẹ̀ ṣófo, àwọn tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ti jókòó. Ọmọ ẹni tó bá ti rí ẹbọ ní oríta kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ẹ dé Chew Jetty nígbà tí oòrùn bá ń lọ. Ilé pákó lórí òpó inú omi ni, ìdílé Chew ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹni tó ti wo Mákòkó láti orí afárá kẹta ti rí nǹkan tó jọ ọ́. Èèyàn ń gbé ibẹ̀ o, ẹ má yọ fóònù sínú yàrá ẹni ẹlẹ́ni. Àwòrán ọmọdé méjì lórí kẹ̀kẹ́, tí Ernest Zacharevic yà sára ògiri ní Lebuh Armenian ní 2012, ìlà àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ gùn ju ti laksa lọ. Ẹ wò ó lọ́nà, ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí alẹ́ tó lẹ́

Fún Mùsùlùmí, àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: char kway teow ti àwọn Ṣáínà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń dín in. Okùn oúnjẹ olómi edé tí wọ́n ń pè ní Hokkien mee, omi egungun ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí "no pork, no lard" lára ìsọ̀, ó kàn sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni, kò sọ pé wọ́n pa adìyẹ rẹ̀ nílànà. Àmì halal ti JAKIM, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, lẹ ń wá, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Malay, àwọn náà ń dín kway teow. Bó bá jẹ́ edé tàbí ẹ̀pà ni ara yín kì í gbà, ẹ sọ ọ́ kíákíá, torí edé wà nínú ọ̀pọ̀ ata ibẹ̀ láìfarahàn: "tak mau udang", ẹ ò fẹ́ edé; "tak mau kacang", ẹ ò fẹ́ ẹ̀pà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: alẹ́, ìsọ̀ tí mo bá ní títì

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo padà lọ sí ìsọ̀ ọjọ́ náà. Tapólì ti lọ, èédú ti pọ́n. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aṣọ ìnura wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Ó fẹ́ iná, iná gbéra, ó da ọ̀rá sínú àgbadà irin, ó ju áyùù sí i. Okùn ìrẹsì pẹlẹbẹ wọlé, ó wọ́n omi sọ́yà sí i, èéfín bò ó. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọ́ ẹyin sí ibi tó ṣófo, ó bò ó mọ́lẹ̀. Edé. Ewé àti ẹ̀wà híhù. Kerang, ẹran inú ìkarahun kékeré, ni ó jù sí i gbẹ̀yìn, torí bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, á le bí rọ́bà. Àwo kan ṣoṣo ló ń sè lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pa méjì pọ̀, iná ò ní ká a mọ́, omi á sun, òórùn èéfín tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ kò ní wọnú rẹ̀. Ìdí tí ìlà fi ń gùn nìyẹn, ẹ má fi ojú kánjú wò ó. Kerang kì í jinná tán. Bí ikùn yín kò bá le, ẹ ní "tak mau kerang".

Láti 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti sọ pé àlejò láti ilẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ olórí asè fún oúnjẹ ìbílẹ̀ ní ìsọ̀. Nígbà tí mo wo ọwọ́ ọkùnrin yẹn, mo rí ìdí. Ohun tí mi ò rí ni ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ ọ.

Ibi tí ìsọ̀ bá pọ̀ sí lójú kan, ìlànà wà. Ẹ wá tábìlì ná, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ lọ bá olóúnjẹ tó wù yín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti nọ́ńbà tábìlì, ẹ padà lọ jókòó. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé ni ẹ ó sanwó. Ẹni tó ni àga ló ń ta ohun mímu, nítorí náà ẹ ra nǹkan mu lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó láì mu, ibòmíràn á bu owó díẹ̀ lé e. Kò sí owó ẹ̀bùn. Àwo àwọn ìsọ̀ máa ń yàtọ̀ ní àwọ̀ kí wọ́n lè dá ti ara wọn mọ̀, torí náà ẹ má da àwo olóúnjẹ kan sórí ti ẹlòmíràn, pàápàá bí ọ̀kan bá jẹ́ halal.

Gbogbo ìwé á darí yín sí Persiaran Gurney. Fún alẹ́ àkọ́kọ́, ó dáa, gbogbo nǹkan wà lójú kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Èmi, Lorong Baru ni mo máa ń lọ, ìsọ̀ tò sí etí títì, ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá, èéfín satay, ìbátan súyà wa, ń wọ irun. Bó bá jẹ́ àsìkò durian, èso ẹlẹ́gùn-ún tí òórùn rẹ̀ le, láti bíi May sí August, ẹ jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti là á, ẹ má gbé e wọ hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ẹ tó dìde kúrò ní ìsọ̀ tó bá dùn mọ́ yín, ẹ béèrè: "Esok buka?" Ṣé wọ́n á ṣí lọ́la? Olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló mọ ọjọ́ tó fi ń sinmi, kò sì sí ẹni tó ń kéde rẹ̀. Bí ó bá fèsì pé "tutup", wọ́n máa tì í nìyẹn. Ẹ pe àwo kejì lójú ẹsẹ̀.